Ta Ló Mọ Orúkọ Ìyá Gbọ́láhàn?

"Ẹ tún àtàǹpàkò yín tẹ̀," ni ẹ̀rọ wí.

Ìyá Gbọ́láhàn nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìró, ó tún un tẹ̀ mọ́ ojú fóònù. Ogójì ọdún tó ti fi ń ránṣọ ti jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ìka náà débi pé kò sí ìlà kan tó ṣe tààrà lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ náà kì í tètè dá a mọ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì fẹ́ ra nǹkan ni wọ́n jọ máa ń fà á. Ìgbà kẹta ló tó gbà.

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbójú sókè. Ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yíjú sọ́tùn-ún. Ẹ má rẹ́rìn-ín."

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín?" Ìyá Gbọ́láhàn jágbe mọ́ ọn. "Èémí ọkọ mi ń lọ nílé, ìwọ ń ní kí n má rẹ́rìn-ín!"

"Ẹ ti sọ̀rọ̀. A ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí àtàǹpàkò."

Ẹ gbà mí o! Obìnrin náà fẹ́ gbá nǹkan náà dànù lórí káńtà, ṣùgbọ́n ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Gbogbo Ìwó ló ń pe ẹ̀rọ yìí ní Ta-nìyẹn. Orúkọ tí ìjọba fún un gùn débi pé kò sẹ́ni tó lè pè é tán kó má mí sí i. Kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ, ojú kan ṣoṣo ló ní, kì í sì í ṣẹ́ ẹ. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò sí, ìbáà jẹ́ iyọ̀ lo fẹ́ rà. Owó bébà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ láti ìgbà tí Gbọ́láhàn wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gbọ́láhàn náà sì ti bímọ mẹ́ta báyìí.

Oògùn tó wá rà wà níwájú rẹ̀ gan-an, nínú àpótí dígí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ta-nìyẹn. Ike búlúù kékeré kan ni, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ sẹ́nu kí ọ̀nà ọ̀fun lè là. Bó bá na ọwọ́, díẹ̀ ló kù kó kàn án. Àpótí náà kò ní kọ́kọ́rọ́, kò sì ní ihò tí kọ́kọ́rọ́ lè wọ̀. Ìgbà tí Ta-nìyẹn bá gbà pé ìwọ ni ìwọ ló tó máa ń ṣí.

Ikọ́ fée ti ń bá Bàbá Gbọ́láhàn jà láti kékeré, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ọdún yìí le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kúrò nílé, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, àyà rẹ̀ ń súfèé bí ìkòkò tó ń hó. Ike oògùn àtijọ́ wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti gbẹ táútáú. Kò lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ló fi júwe ọ̀nà fún un pé kó sáré. Ó sì sáré. Bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ já bọ́ lójú ọ̀nà, kò dúró mú un.

Ó tún àtàǹpàkò tẹ̀. Ó ṣẹ́jú, ó yíjú, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wí tẹ̀lé mi," ni Ta-nìyẹn wí. "Èmi fúnra mi ni mo ń rà á, kò sẹ́ni tó fipá mú mi."

"Èmi fúnra mi ni mo ń rà á, kò sẹ́ni tó fipá mú mi."

"A dá ohùn yín mọ̀. Ẹ gbé fóònù lé àyà yín."

Ó gbé e lé e. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ọkàn rẹ̀.

"Ọkàn yín ń sáré jù. Ẹni tí wọ́n bá fipá mú ni ọkàn rẹ̀ máa ń sáré báyìí. Ẹ jókòó, kí ara yín balẹ̀."

Tẹniọlá, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, ti sáré gbé àga wá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò tíì ju ọdún méjìlélógún lọ, àánú sì ti gba ojú rẹ̀ kan.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Gbogbo ẹni tó bá wá ra oògùn kíákíá ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ ro nǹkan tí kò ní ìdààmú nínú. Ẹnì kan máa ń ka ewé tó wà lára igi."

"Ọmọ mi, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò lè mí, ewé wo ló fẹ́ kà?"

Síbẹ̀ ó jókòó, ó di ojú. Ó wá ohun tí kò ní ìdààmú nínú láyé rẹ̀ títí, òǹkà ara èèyàn nìkan ló rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́kàn. Bàbá Jùmọ̀kẹ́ tó dúró nídìí ìpara: àyà íńṣì mẹ́rìnlélógójì, ọrùn mẹ́tàdínlógún, ikùn rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ìyá Ẹ̀bùn: èjìká mẹ́rìndínlógún, ìdí mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó ní kí wọ́n máa kọ ọ́ ní márùndínláàádọ́ta. Kò sí ẹni kan níbẹ̀ tí kò tíì fi okùn ìwọ̀n rẹ̀ yí lára rí. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

"Ẹ ṣeun," ni Ta-nìyẹn wí. "Ó ku ẹlẹ́rìí."

Ó la ojú. "Ẹlẹ́rìí wo?"

"Ẹ ò gbọ́ ọ lórí rédíò ni, Mọ́mì?" Tẹniọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni. Àwọn olè ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ojú èèyàn wọ̀. Wọ́n ń fi ohùn rẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwọ ni. Wọ́n ní wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí ti ọkàn náà. Ìjọba wá ní ohun tó wà nínú iyè ẹlòmíràn nìkan ni wọn ò tíì rí jí. Ẹnì kan tó mọ̀ yín, tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù níbí, ni yóò pe orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìjọba. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí yín. Kò sì lè jẹ́ èmi, torí mo ń tajà."

"Kò tán bí? Kí n sọ orúkọ mi fún un, kó sọ ọ́."

"Háà, ẹ má dán an wò!" Tẹniọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Bí Ta-nìyẹn bá gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu yín tàbí tí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún ẹlẹ́rìí, yóò pa fóònù yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sì lè gbìyànjú ẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀mẹta bá kọjá, ọjọ́ mẹ́ta náà ni."

Ọjọ́ mẹ́ta. Bí fóònù bá kú, kò lè ra oògùn, kò lè wọ ọkọ̀. Ẹnu géètì ọsibítù gan-an, Ta-nìyẹn ló dúró níbẹ̀.

"Kí ẹlòmíràn bá mi san án ńkọ́?"

"Orúkọ ẹ̀yin àti Dádì nìkan ni dókítà kọ sórí oògùn yẹn, Mà. Àpótí ò ní ṣí fún ẹlòmíràn."

Ṣé ẹ mọ̀ pé inú Ìyá Gbọ́láhàn dùn nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ìyọlẹ́nu tí Ta-nìyẹn ti kó bá a láti ọjọ́ yìí wá, ìka tí kò gbà, ojú tó ní ó ti rẹ̀ jù, èyí nìkan ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ta ni kò mọ Ìyá Gbọ́láhàn aránṣọ ní gbogbo òpópónà yìí? Aṣọ ta ni kò rán? Kò lè rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi kó má kí ogún èèyàn. Ó dìde, ó yíjú sáwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó kó gbogbo ọlá rẹ̀ jọ sí ohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Bàbá Gbọ́láhàn ò lè mí. Kí ẹnì kan bá mi pe orúkọ mi fún nǹkan yìí kí n máa lọ."

Bàbá Jùmọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n, tó ti fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì, tí kì í sún mọ́ nǹkan kó má fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Ó ti Tẹniọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ̀ síwájú Ta-nìyẹn bí ẹni tó fẹ́ kàwé nílé ìjọsìn.

"Ìyá Gbọ́láhàn ni!" ó kígbe. "Ìyá Gbọ́láhàn aránṣọ! Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

Ta-nìyẹn ò kánjú. "Orúkọ ọmọ lẹ pè. Kí ni orúkọ ìyá? Ó ku ìgbà méjì."

Bàbá Jùmọ̀kẹ́ wo ẹ̀rọ náà, ó wo Ìyá Gbọ́láhàn. Ojú rẹ̀ fò síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Orúkọ wo tún ni?" ó béèrè. Kì í ṣe pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó ń béèrè ni.

"Bàbá Jùmọ̀kẹ́!" ni Ìyá Gbọ́láhàn wí. "Agbádá tí ẹ wọ̀ níjọ́ ìgbéyàwó Jùmọ̀kẹ́, àbí ta ló rán an? Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ ti ń wá sílé mi!"

"Ìyá Gbọ́láhàn, ẹ má bínú. Ìyá Gbọ́láhàn náà ni mo mọ̀ ṣáá."

Ìyá Gbọ́láhàn yíjú kíá sí Ìyá Ẹ̀bùn. Ìyá Ẹ̀bùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnu lásán. Àárín ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ti pàdé, ó ti di ọdún méjìlélógún. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀bùn sin ọkọ rẹ̀, orí ibùsùn Ìyá Gbọ́láhàn ló sùn sí fún ogójì ọjọ́. Bí ayé bá gbàgbé, òun ò ní gbàgbé.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹ̀bùn ò sún. Ó di àpò rẹ̀ mú mọ́ àyà.

"Kí ló dé?" ni Ìyá Gbọ́láhàn wí. "Máa bọ̀ jàre."

"Mo ń bọ̀. Jẹ́ kí n rò ó kó jáde dáadáa."

"Kí lo fẹ́ rò?"

Obìnrin náà sún mọ́ káńtà díẹ̀díẹ̀. Ó di ojú, ó là á, ó tún di ojú.

"Fọlákẹ́," ló sọ níkẹyìn. "Fọlákẹ́ Oyèwùsì."

"Rárá," ni Ta-nìyẹn wí. "Ó ku ẹyọ kan."

Ìyá Ẹ̀bùn ké tòò, ó káwọ́ mọ́rí. "Yéè, mo gbé! Mo rí i lára káàdì ìgbéyàwó Gbọ́láhàn! Mo kà á, Ọlọ́run mi! Ojú mi rí i!" Omijé ti ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà. "Má wò mí bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́. Ìyá Gbọ́láhàn, má wò mí bẹ́ẹ̀."

Ìyá Gbọ́láhàn ò tilẹ̀ wò ó. Ohun tó ń wò kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó fẹ́ dá a lóhùn, ó fẹ́ pe òun náà lórúkọ kó fi bú u, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ọdún méjìlélógún! Ìwé ìwọ̀n tó wà lórí tábìlì rẹ̀ nílé, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló wà nínú rẹ̀: Ìyá Ẹ̀bùn, Bàbá Jùmọ̀kẹ́, Ìyá Onígáàsì, Àǹtí Aláwọ̀ Ewé. Ó mọ ibi tí èjìká kálukú ti ga ju èkejì lọ. Kò sí orúkọ ẹnì kan nínú ìwé náà.

Àwọn tó ń tì síwájú lẹ́ẹ̀kan ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò ṣi ẹyọ kan tó kù pè.

Iná pupa kékeré kan tàn létí fóònù rẹ̀. Ìpè ni. Láti ilé. Bí Ta-nìyẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ ìdánimọ̀, fóònù kì í gba ìpè wọlé. Iná náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyá Gbọ́láhàn ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń pariwo, "Ẹ dúró! Ẹ dúró, mò ń bọ̀!" bí ẹni pé ọkùnrin náà lè gbọ́. Iná kú.

"Ẹnì kan! Ẹ̀yin èèyàn, ẹnì kan ṣoṣo!" Ó yíjú sí wọn. "Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni? Ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbí?"

"Ẹ yà fún mi," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

Kò dìgbà tí Ìyá Gbọ́láhàn bá yíjú kó tó mọ ẹni tó ni ohùn yẹn. Ó ti rí i nígbà tó ń wọlé, nídìí oògùn ojú, ó sì ti yára gbé ojú kúrò, nítorí ọdún márùn-ún rèé tí òun àti Ìyá Wàídì kì í kíra wọn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn. Ọ̀rọ̀ sólà ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá Gbọ́láhàn gbé sólà tiwọn ga, òjìji rẹ̀ sì bo ti Ìyá Wàídì láti ọ̀sán títí oòrùn fi ń wọ̀. Ìyá Wàídì ní kí wọ́n gbé e wálẹ̀, wọ́n ní ó ń ṣe ìlara. Obìnrin náà kò bá wọn jà. Ìwé ẹ̀sùn ló kọ, ó mú un lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àdúgbò, ìgbìmọ̀ sì dá a láre. Bàbá Gbọ́láhàn gbé sólà wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé e wálẹ̀ tán, kí wọ́n má bàa sọ pé wọ́n borí òun pátápátá. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Gbọ́láhàn bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, yóò sọdá sí òdìkejì títì. Ọdún Iléyá máa ń dé, ẹran kì í kọjá lórí ògiri mọ́. Kérésì máa ń dé, ìrẹsì kì í kọjá.

Ìyá Wàídì ti dé iwájú káńtà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, hìjáàbù rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Kò wo Ìyá Gbọ́láhàn.

"Mà," Tẹniọlá wí, "ó yẹ kí n sọ fún yín. Bí ẹ bá jẹ́rìí, tó wá já sí pé olè ló gbé ojú wọn wọ̀, fóònù tiyín náà yóò kú fún oṣù mẹ́ta."

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò."

"Ẹyọ kan ló sì kù."

"Mo mọ òǹkà, ọmọ yìí."

Ó kọjú sí Ta-nìyẹn. Ó dúró ṣinṣin, ó pe é jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ohun tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Fadérera. Fadérera Àbẹ̀bí Oyèwùsì. Ojúlé kẹtàdínlógún."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó pe Ìyá Gbọ́láhàn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn ni ìyá tó bí i, ọdún mọ́kànlá sì rèé tí ìyá náà ti wà ní sàréè. Ó ti gbàgbé bí orúkọ náà ṣe ń dún létí. Ẹnu Ìyá Wàídì ló wá ti jáde, ẹnu tó ti ń bá yodì láti ọdún márùn-ún! Ó ṣe é bí ẹni pé wọ́n tan iná mọ́ ọn lójú lójijì. Kò mọ bóyá kó dúpẹ́ ni tàbí kó sunkún.

"Ó tọ̀nà," ni Ta-nìyẹn wí.

Ariwo sọ. Bàbá Jùmọ̀kẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Gbọ́láhàn na ọwọ́ sí àpótí.

Àpótí ò ṣí.

"Ó ku ìdáhùn kan," ni Ta-nìyẹn wí. "Ẹni tó ń rajà, ẹ pe orúkọ ẹlẹ́rìí yín. Ìṣẹ́jú kan lẹ ní."

"Kí ló wí?" ni Ìyá Ẹ̀bùn kígbe.

"Kò sí lánàá!" Tẹniọlá ti gbá orí káńtà mú. Ẹ̀rù ń ba òun náà. "Mo búra, kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa! Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi kún un!"

"Ìyẹn ni pé kò lè tán!" ni Bàbá Jùmọ̀kẹ́ wí. "Lọ́la wọn yóò ní kí á pe orúkọ ẹni tó bí ẹlẹ́rìí!"

"Ẹ má sọ̀rọ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́," ni Tẹniọlá wí. "Ó ń gbọ́."

Ó wá ku Ìyá Gbọ́láhàn àti Ìyá Wàídì, ojú ko ojú. Ìyá Wàídì ò lè ràn án lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ mira. Àmọ́ ojú rẹ̀ ti yí padà, ó dà bí ojú ẹni tó ti mọ ìdáhùn tí yóò gbọ́. Ìyá Wàídì, ni ìwé ìwọ̀n wí. Àyà mẹ́rìndínlógójì, ọwọ́ mẹ́tàlélógún. Ọdún méje ló fi ránṣọ fún un kí wọ́n tó jà. Ìyá Wàídì. Ìyá Wàídì ṣáá.

"Ààbọ̀ ìṣẹ́jú," ni Ta-nìyẹn wí.

Ìwé ẹ̀sùn! Ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn tí ìgbìmọ̀ fún un ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, lábẹ́ àwọn bọ́bìnì òwú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fi í pamọ́. Ọjọ́ tí ara bá ta á, ọjọ́ tó bá fẹ́ bínú dáadáa, yóò yọ ọ́, yóò kà á láti òkè délẹ̀, yóò dá a padà. Ó ti kà á tó ọgọ́rùn-ún ìgbà. *Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí ń fi ẹjọ́ aládùúgbò mi sùn.* Orúkọ tirẹ̀ wà lókè, wọ́n kọ ọ́ pé, wọn ò fi lẹ́tà kan sílẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ ewé...

"Mọ̀ńsúrátù," ló wí.

Ojú Ìyá Wàídì là rekete.

"Mọ̀ńsúrátù Àjọkẹ́ Lásísì," ni Ìyá Gbọ́láhàn wí. Ó sì tún un pè, nítorí pé ohùn rẹ̀ ti gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́. "Mọ̀ńsúrátù Àjọkẹ́ Lásísì. Ojúlé kọkàndínlógún."

"Ó tọ̀nà. Ẹ kú ìnáwó."

Àpótí dígí ṣí pẹ́ẹ́.

Ó gbá oògùn mú. Ó kọjú sí obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ láti dúpẹ́. Ìyá Wàídì fi ọwọ́ júwe ẹnu ọ̀nà fún un.

"Má dúpẹ́. Sólà yín ṣì ń bo tèmi. Sáré, Fadérera!"

Ó sáré. Ẹsẹ̀ kan ní bàtà, èkejì kò ní, ìró rẹ̀ ti fẹ́ tú, kò wo apá ọ̀tún, kò wo òsì. Ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ketekete lójú títì. Nígbà tó yọ sí òpópónà wọn, ó rí ọkọ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Kò jókòó mọ́. Ó ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, fóònù wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

"Bàbá Gbọ́láhàn!"

Ó gbé e jókòó, ó ti ike náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan. Ó tún un tẹ̀. Ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń pariwo pé kó fà á, kó jọ̀ọ́ kó fà á. Ní ìgbà kẹta, ọ̀nà ọ̀fun náà ṣí díẹ̀, afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ariwo, ọkùnrin náà húkọ́, ó tún fà á. Bó ṣe ń fà á ni àyà rẹ̀ ń rọlẹ̀. Ètè rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Ìyá Gbọ́láhàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó gbé orí ọkọ lé itan, ìgbà yẹn ló tó sunkún.

"Ó pẹ́," ni ọkùnrin náà wí nígbà tí ohùn rẹ̀ dé.

"Wọ́n ní kí n mú ẹlẹ́rìí wá."

"Ẹlẹ́rìí kí ni?"

"Pé èmi ni mí." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. Ó wo ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ti bá gbé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kan sì bọ́ sí i lẹ́nu tí kò mọ̀ pé òun fẹ́ sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ mi?"

Bàbá Gbọ́láhàn gbé ojú sókè wò ó. "Ìyá Gbọ́láhàn, ṣé kò sí nǹkan?"

"Orúkọ mi ni mo ní."

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ó rẹ̀ ẹ́, òtítọ́ ni, èémí rẹ̀ ò tíì tó. Ó pa ẹnu dé, ó rò ó, ó tún la ẹnu. Àyà ìyàwó rẹ̀ ń lù kì, kì, kì, ju bó ṣe lù níwájú Ta-nìyẹn lọ.

Ohùn kan ti òdìkejì ògiri wá.

"Fadérera! Ṣé Bàbá ti ń mí?"

Obìnrin náà yí ojú sí ibi tí ohùn náà ti wá.

"Wọ́n ti ń mí, Mọ̀ńsúrátù," ló wí. "Wọ́n ti ń mí."